Ẹnu Kí Ewu Tó Dé, Ọwọ́ Nígbà Tó Bá Dé

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ogun, àwọn ìyàwó wọn àti àwa tí a ti fẹ̀yìn tì sọ nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìlọrin. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin àgbà ṣọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ pọn ọmọ wá, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣì wà nínú kákí, mo kí yín. As-salaamu alaykum. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni mo fi ṣe ilé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ọdún 26 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn láàárín àwọn ológun. Mi ò ní bá yín sọ ìtàn ogun, nítorí ẹni tí wọ́n bá gbé wá sọ́dọ̀ mi ni èmi mọ̀. Bí mo bá sì jókòó ka gbogbo àwọn tí wọ́n gbé wá, àwọn tí ọ̀tá ṣe léṣe ò tó àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ ṣe léṣe. Ọkọ̀ ni. Jáàkì ni. Jẹnẹrétọ̀ ni. Oòrùn ọ̀sán ni. Ìbọn tí wọ́n ní kò sí ọta nínú rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ki ìlú yìí: Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tóbi tó báyìí, wọn ò léégún, ẹṣin leégún ilé baba wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Oríkì ológun ni. Ìtàn sì sọ pé orí òkúta kan tí ọdẹ ti ń lọ irin rẹ̀ ni orúkọ ìlú ti ṣẹ̀ wá. Ẹ ronú sí ọdẹ yẹn díẹ̀. Kí irin tó mú, kí ó tó dé igbó, ọwọ́ ẹni tó ń lọ̀ ọ́ ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn jù lọ. Bí kò bá mọ ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ wà, ẹran ò tíì kú tí ẹ̀jẹ̀ ti dé orí òkúta. Ìdí tí mo fi wá síbí lónìí nìyẹn. Mo fẹ́ kí a jọ wo ibi tí àtàǹpàkò wa wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan nínú ohun tí ojú mi rí. Mi ò ní dárúkọ bárékè náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Wọ́n ń tún ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣe, wọ́n ti yọ táyà ẹ̀yìn kan, jáàkì ló gbé e dúró. Kò sí pákó lábẹ́ jáàkì, kò sí igi tí wọ́n fi ti ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò fi òkúta há táyà iwájú. Sájẹ́ǹtì kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta. Ọmọ ṣọ́jà kékeré kan tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ló ń na sípánà sí i. Ọmọ náà rí i pé ìdí jáàkì ń wọlẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni, òjò sì ti mu ún yó. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rí omi pupa tó ń sun yí ìdí jáàkì náà ká, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka tẹ ilẹ̀ àbàtà. Ó wò ó tó ìgbà tí ènìyàn fi lè ka Fátíhà tán. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ohun tó sọ ò kúrò létí mi títí dòní: “Mo rò pé ọ̀gá mọ̀.”

Ọkọ̀ náà yẹ̀. Etí irin kan gé itan sájẹ́ǹtì náà lápá inú. Wọ́n ki irin gígùn bọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n gbé e, wọ́n fà á jáde láàyè. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n má ì sọ fún ìyàwó òun. Gbogbo ènìyàn ń pariwo, “Mọ́tò dà? Mọ́tò dà?” Wọ́n rí mọ́tò, wọ́n gbé e jókòó sí i, wọ́n sáré. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú mi, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo tú okùn bàtà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti kún inú bàtà náà sì dà sórí ẹsẹ̀ mi. Mo ka àwọn tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mọ́kànlá ni wọ́n. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó fi ọwọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà.

Ohun méjì ló pa ọkùnrin yẹn. Ẹnu kan tó yẹ kí ó là kò là. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ méjìlélógún wà nítòsí, kò sí èyí tó tẹ ọgbẹ́. Gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ sọ lónìí, ìdí ẹnu yẹn àti ọwọ́ yẹn ni mo ń yí ká.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ẹnu ná. Mi ò bá ọmọ kékeré yẹn wí. Àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí rìkúrúùtù bá ti dé ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a ti ń kọ́ ọ pé kí ó gbọ́, kí ó ṣe, kí ó má bi ọ̀gá léèrè. Ìgbọràn dára, òun ló mú iṣẹ́ ológun yàtọ̀ sí ti ọjà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ sọ pé “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná, jáàkì ń wọlẹ̀” kì í ṣe àìgbọràn. Ojú ló yá ọ̀gá rẹ̀, nítorí ojú ọ̀gá wà lábẹ́ ọkọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Àwa ológun sì ti gba èyí tẹ́lẹ̀ ní ibì kan. Ní pápá tí a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu, bó ti wù kí ó kéré tó, ó lè ké pé kí wọ́n dáwọ́ ìbọn dúró, gbogbo ìbọn á sì dákẹ́. A ò bi í léèrè ipò rẹ̀. Kí ló dé tí ìyẹn ò fi lè dé ibi tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ibi tí a ti ń kó ẹrù, ibi tí ènìyàn ti ń gun àkàbà lọ síbi táńkì omi?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín lórí eléyìí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ kékeré kan bá ní kí ẹ dúró, ó ṣeé ṣe kí ó má rí i dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ewu má sí níbẹ̀ rárá. Ẹ dúró, ẹ wò ó, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá kígbe mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti pa ẹnu ogún ènìyàn tó ń wò ó mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kàn wá gan-an níhìn-ín. Bí ewu bá fò wá, kí là ń ṣe? Bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà Jẹ́bbà tí ọkọ̀ ò dojú dé, bí ìbọn bá yìn lọ́wọ́ ẹnìkan tó wọ ògiri, a ó ní Alhamdulillah, a ó ní orí kó wa yọ, a ó din àkàrà tàbí kí a ra búrẹ́dì pín fún àwọn ọmọ kéú, ọ̀rọ̀ parí. Sàárà dára, ẹ máa ṣe é, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn sàárà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, ibo, kí ló fà á, kí la máa yí padà. Táyà tó bẹ́ yẹn ní ẹgbẹ́ mẹ́ta lórí ọkọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n. Ewu tó fò wá, ìkìlọ̀ tó wá bá wa láìgba owó ni, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ fi kádàrá dá mi lẹ́kun, àwọn Alfa ìlú yìí kan náà ló kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ Ànábì fún ọkùnrin tó fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso: so ó, kí o tó gbára lé Ọlọ́run.

Wíwọn ewu kò gba ìwé ńlá. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó ara yín jọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ló lè ṣe wá níbí? Báwo ló ṣe lè tètè ṣẹlẹ̀ tó? Bó bá ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe máa burú tó? Ẹ fi ìdáhùn kejì àti ìkẹta wé ara wọn, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àmọ́ tí kì í ju kí ó bó ìka lọ, ìbọ̀wọ́ lè yanjú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé ó lè má ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bó bá ṣẹlẹ̀ yóò kó odidi àdúgbò lọ, òun ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá sùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé kí la máa ṣe sí i, ibí sì ni a ti sábà máa ń ṣì í. A máa ń fi àṣíborí àti ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè mú ewu náà kúrò pátápátá. Bí kò bá ṣeé mú kúrò, ẹ fi ohun tí ewu rẹ̀ kéré jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ fi nǹkan dí àárín ènìyàn àti òun. Ìgbà yìí ni òfin àti ìlànà tó kàn, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ohun tí a ń wọ̀ sára. Ẹ mú jẹnẹrétọ̀ wò. Lásìkò òjò, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru á gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òjò má ba à pa á, wọ́n á ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní kábọ́ọ̀nù mònókísáìdì nínú. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á fọ́ wọn, oorun á kùn wọ́n, wọn ò ní mọ̀ pé ikú ló ń kùn wọ́n. Ẹ lè lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri, kò ní tán nílẹ̀. Páànù mẹ́rin àti igi mẹ́rin tí ẹ fi ṣe àtíbàbà fún jẹnẹrétọ̀ náà níta, jìnnà sí fèrèsé, ti parí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó tún nílò láti rántí ohunkóhun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbọn. Ìbọn tó bá dé ọwọ́ yín, ọta wà nínú rẹ̀, àfi bí ojú ara yín bá rí i pé kò sí. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó ọta inú rẹ̀ kúrò, mágásíìnì, ìyẹn àpótí tó gbé ọta, ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa irin ìbọn sẹ́yìn, tó wá yọ mágásíìnì lẹ́yìn, ọta tó wà nínú rẹ̀ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n òmíràn ti gòkè rọ́pò rẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń sọ pé “kò sí ọta nínú ẹ̀”.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan nípa òfin pẹ̀lú. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 ní Nàìjíríà, yọ àwọn ọmọ ogun sílẹ̀, àfi àwọn aráàlú tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ láàárín wọn. Ológun ní ètò tirẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ara wa. Bí ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ò bá wo abẹ́ jáàkì, ta ni yóò wò ó?

Mo ní ewu kan wà tó lè kó odidi àdúgbò lọ. Kò yẹ kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn tó dàgbà níbí, ẹ rántí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002. Iná ràn dé ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà ní Èkó, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ sì mì dé ibi tó jìnnà. Ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí ti gbó, àárín ilé ènìyàn ló sì wà. Ọ̀gá ológun ibẹ̀ fúnra rẹ̀ bọ́ sí gbangba, ó tọrọ àforíjì, ó ní a ti ń gbìyànjú láti tún ibẹ̀ ṣe kí ó tó ṣẹlẹ̀. A ti ń gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, nítorí ó túmọ̀ sí pé wọ́n rí ewu náà. Ẹnu ti là, àmọ́ ìgbésẹ̀ ò tíì dé.

Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀pọ̀ wọn ni bọ́ǹbù ò kàn rárá. Omi ló pa wọ́n. Ilẹ̀ ti ṣú, ìyá di ọmọ lọ́wọ́ mú, ọmọ di àbúrò mú, kò sí ẹni tó sọ fún wọn ibi tí wọ́n lè sá gbà, ogunlọ́gọ̀ sì ya sínú odò ẹlẹ́gbin Òkè-Àfá tí ewé bò lójú. Ọmọdé pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó ṣọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú bárékè, mo ní iṣẹ́ fún yín lálẹ́ òní. Ẹ bi ọkọ yín: bí nǹkan bá bú níbí, ọ̀nà wo la máa gbà? Níbo la ti máa pàdé? Ta ni yóò gbé Màmá? Kí ẹ mú àwọn ọmọ rin ọ̀nà náà lọ́sàn-án, kí ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n.

Èmi fúnra mi ò ní pẹ́ lórí etí, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Ẹ wo ìlà tí àwa àgbà jókòó sí. Ẹ rí iye àwa tí a fi àtẹ́lẹwọ́ há etí kí a lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú gbohùngbohùn. Ariwo tó bá tó 85 dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 8 ti tó láti ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìró ìbọn kan ṣoṣo sì lé ní 140. Irun wẹ́wẹ́ inú etí tó ń gbé ohùn, bó bá ti kú, kì í hù mọ́. Kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ìdíwọ́ sí etí ní pápá ìbọn, kí ẹ lè gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ yín.

Ooru náà ńkọ́? Oṣù kẹta ní Ìlọrin, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Kí ènìyàn sáré pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn lábẹ́ oòrùn yẹn, kí ó máa sọ ìsọkúsọ, kí ó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò: ọ̀lẹ kọ́ o. Ooru inú ara rẹ̀ ti lè ju 40 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, ọpọlọ rẹ̀ ló ń jóná. Ẹ má sáré gbé e sí mọ́tò kí ẹ máa lọ. Ẹ tù ú lára ná. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù lé e lórí àti gbogbo ara, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ máa tún omi dà. Níbi tí ẹ ti ń tù ú ni kí ẹlòmíràn ti máa wá ọkọ̀. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má fún un lómi mu.

Ó kù ọwọ́.

Àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà jókòó, wọ́n wo ikú àwọn ọmọ ogun wọn láti 2001 dé 2011. Wọ́n yọ àwọn 976 kan sọ́tọ̀ tí wọ́n kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ, àmọ́ tí ọgbẹ́ wọn kì í ṣe èyí tí ó gbọ́dọ̀ pa wọ́n dandan. Nínú wọn, nǹkan bí 91 nínú 100 ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dà títí wọ́n fi kú. Nígbà tí mo ka ìyẹn, bàtà sájẹ́ǹtì yẹn ni mo rí. Ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà ò ju nǹkan bíi lítà márùn-ún lọ. Bí iṣan ńlá inú itan bá gé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, mọ́tò tó yára jù ní Ìlọrin ò lè bá a.

Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú pọ̀ọ̀, ẹ má wá mọ́tò, ẹ wá ojú ọgbẹ́. Ẹ ya aṣọ kí ẹ lè rí i. Bí ẹ bá ní ìbọ̀wọ́, ẹ wọ̀ ọ́, bí kò bá sí, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di iyọ̀ tó. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ na apá méjèèjì gan-an, kí gbogbo ìwúwo ara yín wà lórí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Yóò dùn ún, yóò kígbe. Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò láti wò ó bóyá ó ti dá. Bí ọgbẹ́ bá jìn, ní ibi tí itan ti so mọ́ ara tàbí ní abíyá, níbi tí a ò ti lè so nǹkan, ẹ ki aṣọ mímọ́ bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kún, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́.

Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ ni, tí títẹ̀ ò dá a, ọ̀já tí a ń pè ní tọ́níkẹ́ẹ̀tì ló kàn. Ẹ so ó ní òkè ọgbẹ́, bí ìbú ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe lórí oríkèé. Ẹ yí igi tí a fi ń fún ọ̀já náà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá pátápátá, ẹ kọ àkókò sí iwájú orí ẹni náà pẹ̀lú bírò. Wáyà àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ò dára, wọ́n ń gé ẹran ara. Bí kò bá sí ọ̀já gidi, aṣọ tó fẹ̀ àti igi líle lè ṣe é. Nígbà tiwa, wọ́n kọ́ wa pé kí a máa tú u lóòrèkóòrè kí ẹsẹ̀ má ba à kú. A ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u, ẹ̀jẹ̀ tó kù lẹ tún ń dà nù. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ni yóò tú u. Ní ilé ìwòsàn ológun kan ní Baghdad, wọ́n rí i pé nínú àwọn tí wọ́n so ọ̀já fún kí ara wọn tó rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀, 90 nínú 100 ló yè. Àwọn tí wọ́n dúró dìgbà tí ara ti rẹ̀, 10 nínú 100 ni. Ọ̀já kan náà ni. Ìgbà tí wọ́n so ó ló yàtọ̀.

Ẹnìkan lè rò pé iṣẹ́ dókítà ni èyí. Dókítà ológun kan, Peter Shepherd, ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ aráàlú lásán ní ìtọ́jú pàjáwìrì ní ìlú Woolwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1878. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí wọ́n ṣe ń di egungun tó ṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní 1879, ó kú lójú ogun Isandlwana ní Gúúsù Áfíríkà. Kò rí ibi tí ẹ̀kọ́ náà dé. Ọwọ́ ológun ni ìmọ̀ yìí ti bọ́ sọ́wọ́ aráàlú, bí ó bá sì sọnù lọ́wọ́ ológun, ìtìjú ni.

Àwọn yòókù, kíá. Iná: omi tó ń ṣàn, ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ epo kúrò lára ọmọ ọdún mẹ́ta kan rí, awọ ara rẹ̀ bá a jáde. Ejò: ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so ó pinpin. Èyí yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Kí ẹni náà má rìn, kí ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ náà, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò. Ẹni tó ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa: ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín àyà rẹ̀, kí ó wọlé tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má dúró àfi tí ìrànlọ́wọ́ bá dé. Ẹni tó ń mí àmọ́ tí kò jí: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì má fún un lọ́fun. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Ẹ fi wọ́n sí fóònù yín báyìí, kí n máa wò yín.

Ọkọ̀ Hilux náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sí etí rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń fì níta, láti Ọ̀fà dé Ìlọrin, mo rí yín. Ọ̀fà, ìjàkadì lorò ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá títì ọlọ́dà jà tó dá a. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ de bẹ́líìtì. Ọ̀gá tó bá de tirẹ̀, àwọn ọmọ á de tiwọn.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Ọwọ́ ò gbọ́ àsọyé, ṣíṣe ló ń gbọ́. Mo kó ọ̀já tọ́níkẹ́ẹ̀tì ogún wá, wọ́n wà nínú àpò dúdú yẹn. Ẹ sún àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ẹ jókòó ní méjì-méjì, kí àgbà wà pẹ̀lú ọmọdé, kí ìyàwó wà pẹ̀lú ọkọ. Ìwọ kọ́pùrà tó wà lẹ́bàá fèrèsé, wá dùbúlẹ̀ síbí, na ẹsẹ̀ rẹ. Ìwọ ọmọ kékeré tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí o kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ìwọ ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ so ó. Bí o bá sì rí i pé mo ṣe nǹkan kan tí kò tọ́, sọ fún mi pé kí n dúró.